Ẹ̀kọ́ Tí A Kò Parí ní Ààlà Sẹ̀mẹ̀

Olóòtú ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn. Mo rò ó títí, mo wá rántí ìrìn àjò etí òkun tí a rìn nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ọdún 1984. Ẹ̀yin tí a jọ lọ, ẹ bá mi rántí rẹ̀. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín ò gbà fún nígbà yẹn, ẹ wá gbọ́ bó ṣe lọ.

Owó ò sí. Náírà 15 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan dá. Tapólì tí a yá lọ́wọ́ awakọ̀ kan la fi ṣe àgọ́. Àpò gàrí kan, ẹ̀pà, ṣúgà àti ìkòkò méjì la gbé sínú bọ́ọ̀sì. Láti Èkó dé Àgbádárìgì kò tó 80 kìlómítà, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn ín, nítorí pé ọ̀gá wa tó ń kọ́ wa ní ìtàn ní ẹni tó bá sáré kọjá nínú ọkọ̀ kì í rí ìlú. Bàbá Ìtàn la máa ń pe ọ̀gá yìí, àbí ẹ ti gbàgbé?

Àwọn ni wọ́n kọ́ wa pé a kì í pàgọ́ sábẹ́ igi àgbọn, kí èso rẹ̀ má baà já lu èèyàn lórí. Wọ́n ní ká pàgọ́ síbi tí koríko ti ń hù lórí iyanrìn, torí omi òkun kì í sábà dé ibẹ̀. Èèpo àgbọn gbígbẹ la fi ń dáná. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọnú òkun lọ lúwẹ̀ẹ́, torí pé ìgbì ibẹ̀ máa ń fa èèyàn lọ.

Ní Àgbádárìgì, a rí ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní 1845. A rí ibi tí igi Agia wà kó tó wó ní 1959, níbi tí Freeman àti Townsend ti wàásù ní 1842. A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí Gbẹrẹfu, a sì fẹsẹ̀ rin iyanrìn náà dé etí òkun, ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, aláriwo ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nídìí iná, Bàbá sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún wa. January 1845 ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ló ń lọ, ṣùgbọ́n ogun ti dí ọ̀nà, Ṣódẹkẹ́ tí ì bá gbà wọ́n lálejò sì ti kú. Àfi ìgbà tó di August 1846 kó tó débẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ìyá rẹ̀, tí ojú wọn ti pínyà láti nǹkan bí ọdún 25. Bàbá ní, "Ẹ rí i, bí ọ̀nà bá dí, ìyá àti ọmọ ló ń jìyà rẹ̀."

Àfi bí ẹni pé wọ́n mọ ohun tí a máa bá ní Sẹ̀mẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Láti April 1984 ni ìjọba ti pa ààlà, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá fàyàwọ́ owó àti ọjà dúró. Sójà wà ní géètì. Ìyá kan tó ń ta ẹja dídín sọ fún wa pé ọmọbìnrin òun bímọ sí Kraké, ní òdìkejì géètì gan-an, òun ò sì tíì fojú kan ọmọ náà. Ẹ̀rù sójà ń bà á.

Bàbá wá ṣàlàyé fún wa. Ọ̀sà kan náà ni wọ́n máa ń fi ọkọ̀ gbà láti Èkó dé Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ẹ̀gùn wà níhìn-ín, Ẹ̀gùn wà lọ́hùn-ún. Yorùbá náà bẹ́ẹ̀. August 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé tó la àárín wọn. Nígbà tí a dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní May 1975, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bàbá na ọwọ́ sí géètì náà: "Ìdajì ẹ̀kọ́ yìí wà lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ parí ẹ̀."

Wọ́n ṣí ààlà ní March 1986, ṣùgbọ́n kálukú ti wá iṣẹ́ lọ. Wọ́n tún tì í ní August 2019, December 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún ara mi pé, ọ̀rẹ́, tí o bá tún ń fi falẹ̀, wàá dàgbà kọjá rẹ̀.

Ní December 2022, àwa mẹ́ta gbéra. Owó ò pọ̀ náà, a gbé àgọ́ àti gàrí wa dání. Ní Àjàṣẹ́, a rí mọ́ṣáláṣí ńlá tí iwájú rẹ̀ dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn tó ti Brazil dé àti àwọn ọmọ wọn kọ́. Orúkọ da Silva tí a mọ̀ ní Èkó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ní Ouidah, a rin nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin dé etí òkun, níbi tí wọ́n kọ́ Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ sí ní 1995. Ẹ gbà mí gbọ́, iyanrìn Gbẹrẹfu gẹ́lẹ́ ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún dákẹ́ bíi ti ìjọ́sí. Grand-Popo la pàgọ́ sí kẹ́yìn, a kò sì pa á sábẹ́ àgbọn o!

Nígbà tí a kọjá ní Kraké, ìyá ẹlẹ́ja yẹn ló wà lọ́kàn mi. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ á ti máa súnmọ́ ẹni ogójì ọdún. Mi ò mọ̀ bóyá ó padà rí i.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kó àwọn ọmọ yín gba ọ̀nà yìí nígbà tí ó ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ má rò pé ó dìgbà tí owó bá pọ̀. Bàbá Ìtàn, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, a ti parí ẹ̀kọ́ náà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa máàkì í.