Ẹjọ́ Tí A Ti Pa Dé: Ohun Tí Ilẹ̀ Àpápá Kọ́ Kóòtù

Nígbà tí kóòtù bá ti dá ẹjọ́, àwọn tó jà á kò lè tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà dìde sí ara wọn. Adájọ́ tó dá a pàápàá kò lè yí i padà, àfi nítorí ìwọ̀nba ìdí, bí àṣìṣe ìkọ̀wé tàbí ti ìṣirò. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: bí ẹni tó jẹ̀bi bá lè padà wá lójoojúmọ́, ìgbà wo ni ẹni tó jàre yóò sinmi? Ṣùgbọ́n èèyàn ni adájọ́, ó lè ṣì í. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ń fi kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́ síbìkan. Láàárín 1913 sí 1931, ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá àti ẹjọ́ mìíràn tó ti inú rẹ̀ jáde fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà wà han àwọn ará Èkó, wọ́n sì fi bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe jìn tó hàn wọ́n.

Ilẹ̀ Olúwa

Ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹjọ 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ìwé náà fún Gẹ̀ẹ́sì ní àṣẹ lórí ìlú, ṣùgbọ́n ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ kò tán nílẹ̀. Ilẹ̀ Èkó wà lọ́wọ́ àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun. Olóyè Olúwa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ìdílé rẹ̀ ló sì ni ilẹ̀ ní Àpápá.

Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Àmọ́dù Tìjánì Olúwa béèrè owó ilẹ̀ rẹ̀. Adájọ́ àgbà Speed dá a lóhùn pé kò ni ilẹ̀ náà gan-an: ohun tó ní kò ju àṣẹ láti bójú tó o, kó sì máa gba ìṣákọ́lẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó. Owó ìwọ̀nba ẹ̀tọ́ yẹn nìkan ni wọ́n yóò san fún un. Olúwa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn adájọ́ tó jókòó papọ̀ ní Èkó sì gbè sẹ́yìn Speed. Nílé, ẹjọ́ ti parí.

Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kù, òkè òkun ló sì wà: ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ní 1920, Olúwa wọ ọkọ̀ ojú omi, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀.

Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje 1921, Viscount Haldane gbé ìdájọ́ ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀. Ó kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n má fi ojú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ àwọn ènìyàn mìíràn. Ó ní ẹbí àti àwùjọ ló ni ilẹ̀ Èkó, olóyè ń bá wọn mójú tó o ni, ìwé 1861 kò sì gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Owó odindi ilẹ̀ ni kí ìjọba san, kí olóyè pín in fún àwọn tó tọ́ sí. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ iye owó padà sí Èkó, £22,500 sì ni ìjọba san níkẹyìn. Nígbà tí kóòtù Kánádà gbọ́ ẹjọ́ Calder ní 1973, tí ti Ọsirélíà sì gbọ́ ẹjọ́ Mabo ní 1992, méjèèjì lórí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, ìdájọ́ ilẹ̀ Àpápá wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí.

Ọ̀pá Ọba

Ìrìnàjò yẹn bí ẹjọ́ mìíràn. Ọ̀pá àṣẹ olórí fàdákà ti ọba Èkó, Èṣùgbàyí Elékòó, wà lọ́wọ́ Macaulay ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ sì kọ nípa ipò ọba náà bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí ọba rán akéde káàkiri ìlú láti sẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ̀. Ní 1920, ìjọba ní àwọn kò kà á sí ọba mọ́. Ní 1925, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Àwọn lọ́yà rẹ̀ bẹ adájọ́ kí ó pe ìjọba wá sọ òfin tí wọ́n fi há ọba mọ́bẹ̀. Adájọ́ kọ̀. Nígbà tí wọ́n tún gbé ẹ̀bẹ̀ kan náà wá, wọ́n gbọ́ pé adájọ́ kan ti kọ̀ ọ́, ó ti tán nìyẹn. Ní 1928, Privy Council ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan òmìnira ènìyàn, adájọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹnìkejì rẹ̀ bá tilẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Ní 1931, Lord Atkin ti ìgbìmọ̀ náà fi kún un pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ fi òfin tó dúró lé han kóòtù. Lọ́dún yẹn ni Èṣùgbàyí padà sí Èkó. Ó wàjà ní 1932.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn padà dín ìlẹ̀kùn yẹn kù. Láti 1960, òfin wọn kò gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lórí ìdí kan náà mọ́, àfi bí ẹ̀rí tuntun bá jáde.

Lónìí

Nàìjíríà kò gbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́ láti 1963. Abuja ni Kóòtù Gíga Jùlọ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà pin sí. Ní 1989, Adájọ́ Chukwudifu Oputa ti kóòtù náà ṣàlàyé rẹ̀ láìfi bò: àwọn lè ṣì í, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni ìkẹyìn.

Ti owó ilẹ̀ tí Olúwa jà fún yàtọ̀ o. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, apá 47 rẹ̀ sì ní kóòtù kankan kò gbọdọ̀ béèrè bóyá owó tí wọ́n san fún onílẹ̀ tó tàbí kò tó. Apá 44 ìwé òfin ìlú ti 1999 sì ní ẹni tí wọ́n gba dúkìá rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ bá kóòtù. Èyí àkọ́kọ́ ti ìlẹ̀kùn kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, èkejì ṣí i sílẹ̀. Pípa ẹjọ́ dé lẹ́yìn tí a ti gbọ́ tọ̀tún-tòsì, ìdájọ́ ni. Títi ìlẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìdájọ́, ohun tí ìjọba ìgbà Speed pàápàá kò ṣe sí Olúwa ni.

Láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀, ẹni tí ìdájọ́ kóòtù gíga lórí ẹjọ́ ilẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn ní oṣù mẹ́ta láti gbé e lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kó tètè máa ka ọjọ́ rẹ̀.