Àkùkọ Ìjà tí Ó Di Ẹran Ọbẹ̀



Ní ọjọ́ ọdún kan, ọmọ mi bi mí léèrè ìdí tí a fi ń pe adìẹ àgíríìkì ní adìẹ òyìnbó. Mo dá a lóhùn pé òyìnbó ni ó ni ín. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, síbẹ̀ mo dáhùn láìwádìí. Mo wá fẹ́ ṣe àtúnṣe ìdáhùn náà níwájú yín lónìí. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé adìẹ yìí.

Àkùkọ ìjà kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà àti Pakistan tí wọ́n ń pè ní Asil. Èdè Lárúbáwá ni ó ni orúkọ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí orírun rẹ̀ dájú, ọmọ ọkọ. Asil a máa dúró ṣánṣán. Àyà rẹ̀ gbòòrò, ìyẹ́ rẹ̀ kúrú, ó sì lẹ̀ mọ́ ara. Ogbe rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀tá kì í fi í rí i dì mú. Kì í yé ẹyin púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í sá lójú ìjà.

Ní nǹkan bí ọdún 1820, ní Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú Asil pọ̀ mọ́ àkùkọ ìjà tiwọn àti ìran Malay. Sir Walter Raleigh Gilbert, ọ̀gágun tí ó sìn ní Bengal, ni ìtàn sábà máa ń yìn fún iṣẹ́ náà. Oníjà ni wọ́n ń wá; ẹran ni wọ́n rí. Adìẹ tí wọ́n pè ní Indian Game yìí wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, kò sì yára tó láti jà. Nígbà tí òfin 1835 ka ìjà àkùkọ léèwọ̀ níbẹ̀, àyà ńlá tí ó jogún wá di èrè rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gbà á sínú ìwé ìlànà ìran adìẹ wọn ní 1893. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n yọ Íńdíà kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Ó ku Cornish nìkan. Ní 1948, Charles Vantress fi Cornish tí ó mú pọ̀ mọ́ New Hampshire gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje adìẹ ọ̀la; ó tún gbà á ní 1951. Lẹ́yìn náà ni a mú akọ Cornish pọ̀ mọ́ abo Plymouth Rock funfun. Láti ara wọn ni adìẹ ẹran tí ń tó pa láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti ṣẹ̀.

Ẹ wò ó: adìẹ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ orírun ni orírun rẹ̀ sọnù. Orúkọ ọ̀gágun kan kù nínú ìtàn. Àwọn tí wọ́n fi ìran dé ìran ṣa Asil lẹ́ṣà kò ní orúkọ níbẹ̀. Ìwé kíkọ ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Òpìpí àti àwọn adìẹ ìbílẹ̀ wa mìíràn ṣì ń jẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa. Bí a kò bá kọ ìtàn wọn àti orúkọ àwọn tí ń sìn wọ́n sílẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn yóò béèrè lọ́la, baba rẹ̀ yóò sì dáhùn bí mo ti dáhùn.

Mo ti padà sọ fún ọmọ mi pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni adìẹ náà gbà kọjá. Ilé rẹ̀ wà ní Íńdíà pẹ̀lú.