Àwòrán Ara Ògiri

6:10 àárọ̀. Peckham, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, oṣù Kẹta ọdún 2018. Obìnrin náà gun àga, ó sọ àwòrán kan tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ kalẹ̀. Ibi tó ti kọ́ sí funfun ju ara ògiri yòókù lọ. Ọmọge kan ló wà nínú àwòrán náà: ọrùn gígùn, ojú tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Nísàlẹ̀, ìbuwọ́lù ayàwòrán.

7:00. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti Ìbàdàn.

"Ṣé o ti ń lọ?"

"Mo ń múra, bọ̀dá mi."

"Má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ o."

Lánàá ni ẹ̀gbọ́n náà ti ṣèlérí fún onílẹ̀ kan pé owó ń bọ̀.

8:40. Inú bọ́ọ̀sì. Aṣọ òkè ìyá wọn ló fi wé àwòrán náà. Itan rẹ̀ ló gbé e lé. Ní gbogbo ibi tí bọ́ọ̀sì bá ti dúró, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

10:05. Ọ́fíìsì adíyelé. Iṣẹ́ ayàwòrán Bruce Onobrakpeya kan wà lórí tábìlì. Adíyelé náà rọra sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ títẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i: pẹ́ńsù ló fi buwọ́ lù ú, ó sì kọ iye tó tẹ̀ sí etí bébà. Téèyàn bá fọwọ́ pa á, ó ga, ó relẹ̀. Irú èyí lówó lórí dáadáa.

10:20. Adíyelé ń tú ìṣó ẹ̀yìn férémù àwòrán obìnrin náà. Ó ń tò wọ́n sínú àwo kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sọ̀rọ̀. Páálí ló bọ́ sójú, kì í ṣe aṣọ. Ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Àwọn ayàwòrán a máa ya àwòrán sórí páálí.

10:32. Ó pa iná. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó tàn án sójú àwòrán láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀dà tí bírọ́ọ̀ṣì bá fi sílẹ̀ máa ń ní gegele àti kòtò, òjìji wọn a sì hàn. Ó wò ó pẹ́. Ó tan iná padà.

10:41. Awò kékeré, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọge náà. Ó gbé e lé ọrùn. Ibi ìbuwọ́lù ló ti pẹ́ jù.

10:44. Fóònù ń gbọ̀n nínú báàgì. Kò gbé e.

10:47. Adíyelé na awò náà sí obìnrin náà. Ó tẹrí sí i, ó wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pòórá. Àmì tótòtó ló kù: búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú, wọ́n pagbo kéékèèké bí òdòdó. Wọ́n wà nínú ìbuwọ́lù pẹ̀lú. Bírọ́ọ̀ṣì kì í to àmì tótòtó báyìí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni.

10:55. "Tutu" ni àwòrán náà. Ben Enwonwu ló yà á. Adétutù Adémilúyì, ọmọọba Ilé-Ifẹ̀, ló jókòó fún un. Láti àwọn ọdún 1970 ni ẹ̀dà títẹ̀ rẹ̀ ti wà lára ògiri ilé púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ojúlówó kan tó ti sọnù jáde nínú fúláàtì kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù lópin ọdún 2017. Ilé gbàǹjo Bonhams tà á ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2018, ní £1,205,000.

Èyí tó wà lórí tábìlì, adíyelé kọ £40 sí i, pẹ̀lú férémù.