Láti Orí Magidalénè dé Orí Wesley: Ìtàn Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ìmọ̀lára tí ó Pọ̀ Jù

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ó máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àṣejù, túmọ̀ 'maudlin', 'mawkish', 'sentimental' àti 'hysterical'. Irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò kún tó. Ìwọ̀n nìkan ni àṣejù ń tọ́ka sí. Kò sọ irú ìmọ̀lára tí ó kọjá ààlà, kò sì sọ ẹni tí ó ń fi ẹ̀sùn kan ẹnì kejì. Orírun àwọn ọ̀rọ̀ náà ni ó lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Orúkọ ènìyàn ni 'maudlin' tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ṣe ń pe Màríà Magidalénè, lẹ́yìn tí orúkọ náà ti gba ẹnu àwọn Faransé kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń pe kọ́lẹ́ẹ̀jì Magdalen tí a dá sílẹ̀ ní Oxford ní ọdún 1458. Ìwé Jòhánù orí 20 sọ pé obìnrin yìí sunkún lẹ́bàá ibojì Jésù. Ní ọdún 591, Póòpù Gregory Kìíní wàásù pé òun náà ni obìnrin ẹlẹ́ṣẹ̀ inú Lúùkù orí 7, ẹni tí ó fi omijé wẹ ẹsẹ̀ Jésù, bẹ́ẹ̀ sì ni Lúùkù kò dárúkọ obìnrin náà rárá. Ìwàásù yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù sì ń ya Magidalénè tòun ti omijé lójú. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 1600, orúkọ náà ti di ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ọtí ń pa, tí ó wá ń sunkún tí ó ń káàánú ara rẹ̀. Ẹkún ìrònúpìwàdà di ẹkún ọ̀mùtí! Nígbà tí Ìjọ Kátólíìkì tún kàlẹ́ńdà àwọn ẹni mímọ́ ṣe ní ọdún 1969, wọn kò ka Màríà mọ́ obìnrin ẹlẹ́ṣẹ̀ náà mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sẹ́nu aráyé ná.

Ti 'mawkish' yàtọ̀. Ìdin ni 'mawk' tí a fi ṣẹ̀dá rẹ̀. Oúnjẹ tí ń rínilára ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún, kí ó tó kan ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé kíkọ. 'Maudlin' ń sọ nípa ẹni tí ń sunkún. 'Mawkish' ń sọ bí inú ẹni tí ń gbọ́ ọ ṣe ń rú.

Ìyìn ni 'sentimental' jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1749, Lady Bradshaigh kọ lẹ́tà sí Samuel Richardson, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, pé kí ó sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún òun, nítorí pé ó ti gba ẹnu àwọn ọ̀tọ̀kùlú kan. Ní ọdún 1768, Laurence Sterne fi sí àkọlé ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ sí Faransé àti Ítálì. Ọdún 1771 ni ìwé Henry Mackenzie, *The Man of Feeling*, jáde, ìwé tí omijé kì í gbẹ nínú rẹ̀, tí àwọn òǹkàwé sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Nígbà tí Henry Morley tún ìwé kan náà tẹ̀ ní ọdún 1886, ó fi atọ́ka omijé sí i, ibi tí ó ti to gbogbo ojú ìwé tí ẹnì kan ti sunkún lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé kò yí padà. Ojú tí a fi ń wò ó ni ó yí.

'Hysterical' ni ó burú jù nínú wọn. Ilé-ọmọ ni 'hystera' lédè Gíríìkì, àwọn oníṣègùn sì gbà fún ìgbà pípẹ́ pé ibẹ̀ ni ìdààmú ọkàn obìnrin ti ń wá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí àwọn ọmọ ogun ń gbọ̀n tí ohùn wọn ń di, orúkọ mìíràn, 'shell shock', ni oníṣègùn Charles Myers gbé jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní ọdún 1915. Kì í ṣe àìsàn nìkan ni ó ń pinnu orúkọ. Ẹni tí ń ṣàìsàn wà nínú rẹ̀. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tó yọ 'hysteria' kúrò nínú àkójọ orúkọ àìsàn wọn.

Ọ̀nà òdìkejì ni 'enthusiasm' tọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, kí òrìṣà wà nínú ènìyàn ni, èyí tí ó sún mọ́ ohun tí Yorùbá ń sọ nígbà tí òrìṣà bá gun ẹlẹ́gùn. Ṣùgbọ́n èébú ni ó jẹ́ ní England. Ní ọdún 1700, John Locke fi orí kan kún ìwé rẹ̀ lórí òye ọmọnìyàn láti bẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ó ní Ọlọ́run ń bá àwọn sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀rí. Nígbà tí John Wesley bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ní gbangba ní ọdún 1739, tí àwọn olùgbọ́ ń ké tí wọ́n ń ṣubú, ẹ̀sùn yìí gan-an ni wọ́n fi kàn án. George Lavington, bíṣọ́ọ̀bù Exeter, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1749. Àwọn ọmọ ìjọ ẹni tí wọ́n bú bẹ́ẹ̀ ni ó rán Thomas Birch Freeman, tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842. Lónìí, bí olùkọ́ bá kọ 'enthusiasm' sí ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́, ìtara ni òbí kà á sí, inú rẹ̀ a sì dùn.