Àárọ̀ Lórí Pápá: Ìtàn Adétòkunbọ̀ Ògúndèjì

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń pe iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, méjì ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò: ọ̀wẹ̀ àti àárọ̀. Bí ènìyàn bá bẹ ọ̀wẹ̀, yóò pèsè oúnjẹ àti ohun mímu fún àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni àárọ̀. Bí mo bá bá ọ kọ ebè lónìí, o ní láti bá èmi náà kọ ebè ní ọjọ́ tí ó bá kàn mí. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kàn kẹ́yìn lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ nínú oko ẹlòmíràn kí ó tó rí ènìyàn nínú tirẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọ̀lẹ. Ní Èjìgbò, ní Másífà, ní Ìlawọ̀ àti ní Ìsúndunrìn, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà wa.

Mo mú àárọ̀ wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé nítorí pé n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí mu tó o. Ìtàn ọmọ Yorùbá kan ni, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Notre Dame ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 2016 títí di ìparí àkókò ìdíje 2020. Orúkọ rẹ̀ ni Adétòkunbọ̀ Ògúndèjì.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà gùn ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e jù bí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a lọ. Ènìyàn 11 ni ó ń kojú ènìyàn 11. Àwọn tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi rin yáàdì mẹ́wàá síwájú. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní ìpẹ̀kun ìlà àwọn tí ń gbé bọ́ọ̀lù lọ ni ẹnìkan máa ń dúró sí tí wọ́n ń pè ní tight end: ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá, ó sì tún ń gba bọ́ọ̀lù mú. Ẹni tí ó máa ń dojú kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìhà kejì ni Ògúndèjì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti já ìlà náà, kí ó sì gbé ẹni tí ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ṣubú kí ó tó rí i jù.

Láyé àtijọ́, àwọn 11 kan náà ni ó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ tí wọ́n sì tún ń dènà. Ní 1941 ni òfin àwọn yunifásítì kọ́kọ́ fi àyè gba ìpààrọ̀ ní fàlàlà. Ní 1945, Fritz Crisler, olùkọ́ eré ní Yunifásítì Michigan, pín àwọn ọmọ rẹ̀ sí ọ̀wọ́ méjì láti kojú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun Army tí ó lágbára jù wọ́n lọ: ọ̀wọ́ kan fún ìjà, ọ̀wọ́ kan fún ìdènà. Wọ́n pàdánù, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà tàn kálẹ̀. Wọ́n fagi lé e ní 1953, wọ́n sì dá a padà ní 1964. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé kí ẹnìkan wọlé, kí ó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì jáde fún ẹlòmíràn láìsí ìtìjú.

Bọ́ọ̀lù tiwa kò tètè gba irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní 1949 tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn 18 ni ó wọ ọkọ̀ òkun lọ, Tẹ̀sílímì Balógun sì wà nínú wọn. 11 ni ó lè bẹ̀rẹ̀ eré lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni ó ń dárúkọ àwọn 7 tí ó jókòó? Ní 1965 ni líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà kí a fi ẹnìkan rọ́pò ẹni tí ó bá farapa, 1970 sì ni ìpààrọ̀ tó wọ inú Ife Àgbáyé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Ògúndèjì. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Walled Lake Central ní ìpínlẹ̀ Michigan ni ó ti wá. Kò wọ pápá rárá nínú ìdíje 2016, ọdún tí Notre Dame borí nínú eré mẹ́rin péré tí wọ́n sì pàdánù mẹ́jọ. Ó ń jẹun, ó ń gbé irin, ó sì ń kọ́ṣẹ́. Ní 2018, nígbà tí ẹgbẹ́ náà borí nínú gbogbo eré 12 tí ó ṣáájú àṣekágbá, ó ti wà lára àwọn tí ń wọlé tí ń jáde. Julian Okwara àti Khalid Kareem ni ó ni ipò náà gan-an; òun ń wọlé nígbà tí èémí wọn bá fẹ́ tán.

Ní oṣù kọkànlá 2019, Okwara fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń bá Duke figagbága, iṣẹ́ púpọ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ Ògúndèjì. Ní ọdún náà, ìgbà mẹ́rin àti ààbọ̀ ni wọ́n kà sí i lọ́rùn pé ó gbé olùju-bọ́ọ̀lù ṣubú. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí ààbọ̀ yẹn o. Bí ènìyàn méjì bá jọ gbé e ṣubú, wọn a pín in sí méjì dọ́gba. Àárọ̀ pọ́ńbélé nìyẹn!

Okwara àti Kareem gba iṣẹ́ ńlá lọ ní 2020, oko wá kan Ògúndèjì. Ìgbà méje ni ó gbé olùju-bọ́ọ̀lù ṣubú ní ọdún náà, kò sì sí ẹni tí ó jù ú lọ nínú ẹgbẹ́ náà. Ní 2021, Atlanta Falcons mú un ní ìpele karùn-ún.

Síbẹ̀, n kò ní fi òwú bo àbùkù inú ìtàn yìí. Nínú àárọ̀ tiwa, gbogbo òṣìṣẹ́ ni olóko. Lórí pápá Amẹ́ríkà, yunifásítì ni olóko. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi san án, ẹ̀kọ́ sì níyì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje 2021 ni àwọn aláṣẹ eré náà tó gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ gba owó. Ògúndèjì ti jáde nígbà náà. Ẹni tí ó bá ń yin sùúrù nìkan, tí kò bi olóko léèrè, ó ń fi sùúrù rẹ́ ẹlòmíràn jẹ ni.

Kí ni èyí kan àwa ará Èjìgbò? Ó kàn wá púpọ̀. Ó ṣòro láti rí agbo ilé kan láàárín wa tí kò ní ẹbí ní Côte d'Ivoire. Àwọn ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a ń fún ní orúkọ bíi Adétòkunbọ̀, a sì ń retí pé adé ni wọn yóò gbé bọ̀ lóòótọ́. Bí ẹnìkan bá ti Àbíjáǹ dé, ohun tí ó gbé sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni a ń wò. A kì í béèrè ọdún mélòó ni ó fi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kí ó tó ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún Òrìṣà Ògìyán kọ́ wa ní ohun mìíràn: nígbà tí Òkè Màpó àti Ìsàlẹ̀ Òṣòlò bá ń fi àtòrì na ara wọn, kò sí ẹni tí ń béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde. Apá ìlú ni ó ń jà.

Mo rò pé ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè dáàbò bo ọ̀rọ̀ kí ó má baà kú mọ́ iṣẹ́ tí ó bí i. Àwọn tí ń kọ́ ebè ń dín kù, ṣùgbọ́n àárọ̀ kò tíì parí iṣẹ́. Bí a bá ń pe ẹni tí ń wọlé tí ń jáde lórí pápá ní àpààrọ̀ lásán, ohun tí kò tó ni a ń sọ nípa rẹ̀. Bí a bá pè é ní aláàárọ̀, a ti sọ pé ó ti ṣiṣẹ́, a sì ti sọ pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè.