Ìdíje Strictly Stock ti Charlotte, 1949

Ìdíje Strictly Stock ti Charlotte jẹ́ eré ìje ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wáyé ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1949 ní pápá Charlotte Speedway, ní ìlú Charlotte, ìpínlẹ̀ North Carolina, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ìdíje àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ eré ìje tí a mọ̀ lónìí sí NASCAR Cup Series. Glenn Dunaway ni ó kọ́kọ́ dé òpin, ṣùgbọ́n àwọn olùyẹ̀wò fagi lé ipò rẹ̀, wọ́n sì kéde Jim Roper gẹ́gẹ́ bí olúborí. Ẹjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀ ni ó fìdí àṣẹ NASCAR múlẹ̀ lórí àwọn olùdíje rẹ̀.

Ìtàn ìṣáájú

Bill France àti àwọn alájọṣe rẹ̀ dá NASCAR sílẹ̀ ní Daytona Beach, ìpínlẹ̀ Florida, ní ọdún 1948. Ní ọdún náà, ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti tún ṣe fún eré ìje ni wọ́n fi ń díje, nítorí pé ọkọ̀ tuntun ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. France gbàgbọ́ pé àwọn òǹwòran yóò fẹ́ràn ìdíje irú ọkọ̀ tí àwọn fúnra wọn ń wà lójú títì. Fún ìdí èyí, ó dá ọ̀wọ́ Strictly Stock sílẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, láìsí àtúnṣe tí yóò mú un yàtọ̀.

Ìdíje náà

Pápá Charlotte Speedway jẹ́ ilẹ̀ eléèrùpẹ̀ tí a kò da ọ̀dà sí. Gígùn àyíká rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin máìlì kan. Ọkọ̀ 33 ni ó bẹ̀rẹ̀ ìdíje, wọ́n sì ní láti yí pápá ká nígbà 200, èyí tí ó jẹ́ máìlì 150 (nǹkan bí kìlómítà 241).

Bob Flock, tí ó wa ọkọ̀ Hudson, ni ó wà níwájú ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́. Lee Petty, ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ọ̀wọ́ náà nígbà mẹ́ta lẹ́yìn náà, yá ọkọ̀ Buick wá. Ọkọ̀ náà dojú dé lórí pápá. Sara Christian ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó kópa nínú ọ̀wọ́ yìí, ipò 14 ni ó sì wà.

Roper wá láti ìlú Halstead ní ìpínlẹ̀ Kansas. Inú ìtàn alàwòrán Smilin' Jack, tí Zack Mosley ń yà fún àwọn ìwé ìròyìn, ni ó ti rí ìkéde ìdíje náà. Lincoln ni ó wà, ìgbà 197 ni ó sì yí pápá ká.

Ìfagilé èsì àti ẹjọ́

Hubert Westmoreland ni ó ni ọkọ̀ Ford ọdún 1947 tí Dunaway wà. Nígbà tí wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò lẹ́yìn ìdíje, wọ́n rí i pé wọ́n ti mú kí àwọn sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ le ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe wọ́n lọ. Àwọn onífàyàwọ́ ọtí ni ó máa ń lo ọgbọ́n yìí. Ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ le kì í tẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ẹrù ọtí, kì í sì í fì púpọ̀ ní kọ́nà nígbà tí awakọ̀ bá ń sá fún àwọn agbófinró. Àǹfààní kan náà ni ó ń ṣe lórí pápá eléèrùpẹ̀. Nítorí náà, wọ́n fagi lé ipò Dunaway, ẹ̀bùn 2,000 dọ́là sì di ti Roper.

Westmoreland pe NASCAR lẹ́jọ́, ó sì béèrè fún 10,000 dọ́là. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1949, adájọ́ kan ní ìlú Greensboro da ẹjọ́ náà nù.

Ipa rẹ̀

Bí Westmoreland bá ti borí ní kóòtù, ẹnikẹ́ni tí a bá fagi lé ipò rẹ̀ ìbá lè gbé èsì ìdíje lọ sí iwájú adájọ́. Láti ìgbà náà, àyẹ̀wò ọkọ̀ lẹ́yìn ìdíje di apá pàtàkì nínú iṣẹ́ NASCAR.

Ìdíje mẹ́jọ ni ó wáyé ní ọdún 1949, Red Byron sì ni ó gba ife-ẹ̀yẹ. Ní ọdún 1950, wọ́n yí orúkọ ọ̀wọ́ náà padà sí Grand National. Pápá Charlotte Speedway kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 1956; ó yàtọ̀ sí Charlotte Motor Speedway, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1960.