Ìsopọ̀ Inú Ọpọlọ Nínú Àrùn Alzheimer

Ìsopọ̀ inú ọpọlọ ni bí àwọn ẹ̀yà ọpọlọ tí ó jìnnà síra wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń fi ẹ̀rọ MRI tọpa nípa wíwo bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Nínú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí a ti yẹ̀ wò jù lórí iyè ríra, irú àìsàn tí Alzheimer jẹ́, ni default mode network, àwọn ẹ̀yà tí ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, tí ó ń rántí àná tàbí tí ó ń ro ti ọ̀la. Ní 2004, Michael Greicius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, Amẹ́ríkà, fi hàn pé iṣẹ́ default mode network lọ sílẹ̀ lára àwọn aláìsàn Alzheimer ju ti àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le lọ, pàápàá ní hippocampus, ẹ̀yà tí ń fi ohun tuntun sí ìrántí. Ọjọ́ ogbó pẹ̀lú ń dín ìsopọ̀ yìí kù, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni: àgbàlagbà lè gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí, kí ó sì rántí níkẹyìn, nígbà tí aláìsàn lè má rántí rárá pé òun ti jẹun àárọ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà hàn kedere láàárín ọ̀wọ́ ènìyàn ju lára ẹnì kan ṣoṣo lọ, nítorí náà àwọn dókítà kì í fi àwòrán MRI nìkan sọ pé ẹnì kan ní àrùn náà.